Ọkọ̀ Òkun Ọjọ́ Àìkú

Ọkọ̀ òkun náà tún yọ lápá ọ̀tún ojú kọ̀ǹpútà. Ó rọra ń bọ̀, ó dé ẹ̀gbẹ́ òpó karùn-ún, ó dúró, òpó náà sì ga sókè díẹ̀. Tèmilọlá na ọwọ́, ó tẹ bọ́tìnì kan, ohun gbogbo sì dúró. Ó wo ọjọ́ tí ó wà lókè àwòrán náà. Ọjọ́ Àìkú.

"Irọ́ lò ń pa," ó sọ fún ẹ̀rọ náà, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ọkọ̀ òkun kankan kì í já epo fún wọn lọ́jọ́ Àìkú. Ọgbà náà, tí táǹkì epo mẹ́fà wà nínú rẹ̀ lẹ́bàá omi l'Àpápá, kì í ṣí géètì rárá lọ́jọ́ náà. Àwọn ọlọ́dẹ nìkan ló máa ń wà níbẹ̀. Ìlà àṣẹ kan ni òun ṣì kọ, ó dá a lójú. Ó wo aago: mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Aago méjìlá ni àwọn ọ̀gá àgbà ń bọ̀ láti Màrínà.

Nítorí wọn ló ṣe ń ya àwòrán láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ìpàdé tó kọjá, inú ìwé ni wọ́n ti ka iye epo inú táǹkì kọ̀ọ̀kan sí wọn létí, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá náà sì sùn, ó ń hanrun. Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀, olórí ọgbà epo náà, pe Tèmilọlá. "Tèmi, wá nǹkan ṣe tí wọn ò ní lè sùn." Ọdún 1993 ni. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo ọgbà náà, Tèmilọlá nìkan ló sì mọ bí a ṣe ń pàṣẹ fún un. Iṣẹ́ tápíìsì ni wọ́n fi gbà á. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà dé, tí gbogbo ènìyàn ń yà fún un bí ẹni ń yà fún ajá dìgbòlugi, òun ló mú ìwé tó bá a wá, ó ń kà á lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, títí tó fi lè kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ náà á gbọ́.

Ó kọ́kọ́ ya òpó mẹ́fà, ọ̀kan fún táǹkì kọ̀ọ̀kan, tó ń ga tó sì ń rẹlẹ̀ bí iye epo tí wọ́n wọ̀n lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ló ya ọkọ̀ òkun kékeré kan sórí pépà alápòótí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń ṣe ìṣirò, ó ń kun àwọn àpótí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ wọ́n di nọ́ńbà fún kọ̀ǹpútà. Bákan náà ló ṣe ya ọkọ̀ epo onítáyà mẹ́wàá. Ó ní kí ẹ̀rọ náà gbé àwòrán síbì kan, kó pa á rẹ́, kó tún gbé e síwájú díẹ̀; bó bá ti yá tó, ojú á rò pé ó ń rìn. Òfin méjì péré ló ṣe fún wọn. Bí epo inú táǹkì kan bá lọ sílẹ̀, kí ọkọ̀ epo wá gbé e lọ. Bó bá ga sókè, kí ọkọ̀ òkun wá já a síbẹ̀. Ọ̀nà mìíràn wo ni epo tún fẹ́ gbà wọlé tàbí jáde?

Ó ka àwọn ìlà àṣẹ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ìka lórí gíláàsì. Kò rí àṣìṣe. Ó dín eré àwòrán náà kù, ó tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ló rí ohun tí kò kíyè sí tẹ́lẹ̀: lọ́jọ́ Àìkú yẹn kan náà, bí ọkọ̀ òkun ṣe ń já epo sí táǹkì karùn-ún, ọkọ̀ epo kan ń gbé epo kúrò ní táǹkì kẹrin. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó fa ìwé Linus jáde. Linus ló ń gun àwọn táǹkì náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú okùn irin tí wọ́n fi ń wọn epo. Ojú ewé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fi ń kọ ti táǹkì kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó ń gbé wọn síra wọn wò. Táǹkì kẹrin: láti ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta sí àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ sílẹ̀. Táǹkì karùn-ún: ó fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin ga sókè. Ọ̀sẹ̀ kejì: mẹ́rin, mẹ́rin. Lọ́jọ́ iṣẹ́, epo tó ń wọlé tó ń jáde ló ń bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀rín pòórá lẹ́nu rẹ̀. Pẹtiróòlù ló wà nínú táǹkì kẹrin. Kẹrosíìnì ló wà nínú ìkarùn-ún.

Kò sí ẹni tó dàgbà l'Ájégúnlẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún. Kẹrosíìnì tí pẹtiróòlù bá ti wọ̀ kì í jó bí kẹrosíìnì mọ́. Iná á padà sínú ikùn sítóòfù, á sì bú gbàù. Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn tí kì í tú gèlè lójú ẹnikẹ́ni, nítorí etí kan kò sí lábẹ́ gèlè náà mọ́.

Ó wá rántí kẹ́ẹ̀gì tí òun fúnra òun gbé wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láti ilé epo kan ní Báńdìrì. Ọgbà yìí ni ilé epo náà ti ń gba kẹrosíìnì. Ó rántí ohùn ìyá rẹ̀ láàárọ̀, bí òun ṣe ń wọ bàtà: "Sítóòfù ti gbẹ o. N ó bu ti inú kẹ́ẹ̀gì sí i lọ́sàn-án, kí Kíkẹ́lọmọ tó dé." Kíkẹ́lọmọ ni ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà. Aago kan ni wọ́n máa ń jáde nílé-ìwé.

Ó gbé àtùpà ọ̀fíìsì, ó sáré sọ̀ kalẹ̀.

Ìdí àtẹ̀gùn táǹkì karùn-ún ló ti bá Linus. "Bu díẹ̀ fún mi nínú èyí."

"Aunty Tèmi, kí ló dé?"

"Bù ú ná."

Linus bu díẹ̀ sínú agolo. Tèmilọlá ní kó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Ó da kẹrosíìnì àtùpà, tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, sí ọwọ́ òsì, ó da ti inú agolo sí ọwọ́ ọ̀tún, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí méjèèjì. Ti ọwọ́ òsì dúró síbẹ̀, ó ń dán. Ti ọwọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ lójú wọn.

"Ó tutù," ni Linus wí. Ó gbé ọwọ́ náà sí imú, ojú rẹ̀ sì yí padà. Nígbà tó máa tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Mo sọ fún ọ̀gá. Mo ní táǹkì yìí ń ga, bẹ́ẹ̀ a ò já nǹkan kan sí i. E say na sun dey swell am."

"Ṣé orí táǹkì kan ṣoṣo ni oòrùn ń ràn sí, Linus?"

Linus wo òkè táǹkì náà. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ epo kan wà lábẹ́ páìpù táǹkì karùn-ún, wọ́n ń rọ epo sí i nínú. Mẹ́ta mìíràn tò sẹ́yìn rẹ̀, àwọn awakọ̀ wọn jókòó sábẹ́ ìbòòji, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì.

"Dá wọn dúró."

"Láìsí àṣẹ ọ̀gá? Lónìí tí àwọn àlejò ń bọ̀?" Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó ń nù ún, kò dẹ́kun. "Aunty, ìyàwó mi náà ń dáná lónìí o."

Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀ ń de táì níwájú dígí nígbà tí Tèmilọlá wọlé. Ó fetí sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò bínú, kò pariwo. Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni, "Ta lo ti sọ fún?"

"Linus nìkan ló mọ̀, sà."

Ó jókòó. Ó fa ìwé kan yọ nínú dúrọ́ọ̀. Fáàfù kan, ilẹ̀kùn irin tó ń dá epo dúró, ló wà láàárín páìpù táǹkì kẹrin àti ìkarùn-ún. Nínú oṣù Kejìlá ló ti yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ìwé tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló sì wà nísàlẹ̀ ìwé náà.

"Mo fẹ́ ṣe é," ó wí, bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. "Iṣẹ́ pọ̀ nígbà yẹn ni. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, a ó ti tún un ṣe."

"Sà, àwọn ọkọ̀ ṣì ń gbé e jáde báyìí."

"Bí mo bá dá wọn dúró, tí àwọn ọ̀gá wọlé bá wọn lórí ìlà, kí ni kí n sọ?" Ó gbójú sókè wò ó. "Tèmi, ìwọ lo kọ nǹkan yẹn. Kọ ìlà kan sí i. Kí ọkọ̀ òkun má yọ ní táǹkì karùn-ún lọ́jọ́ Àìkú. Ìyẹn nìkan. Ọdún mẹ́sàn-án lo ti wà níbí, má jẹ́ kí ó parí lónìí."

Kò halẹ̀ mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó dẹ́rù bà á jù ni pé ohùn ọkùnrin náà dà bí ohùn ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà. Fóònù ọ̀fíìsì ti kú láti ọjọ́ Ajé, kò tiẹ̀ sí fóònù nílé. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó dé géètì, ọlọ́dẹ sì na ọwọ́ dí i lọ́nà. Ọ̀gá ti ní kí òṣìṣẹ́ kankan má jáde títí àwọn àlejò yóò fi lọ. Tèmilọlá bẹ̀ ẹ́. Ọlọ́dẹ náà ní kí ó má bínú. Ó dúró níbẹ̀ díẹ̀, ó ń wo ojú títì láti àárín irin géètì, níbi tí àwọn tírélà tò sí gbọọrọ, lẹ́yìn náà ló yí padà.

Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ti lù. Ó kọ ìlà náà. Kò pé ọ̀rọ̀ mẹ́wàá. Ó dán an wò, ọkọ̀ òkun kò sì yọ mọ́. Òpó karùn-ún kàn ga sókè fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ẹni tí kò bá tẹjú mọ́ ọn kò ní rí i. Ó pa ẹ̀rọ náà.

Àwọn àlejò kò tètè dé. Méjìlá lù, ó kọjá. Nísàlẹ̀, ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti jáde, ìkejì ti bọ́ sábẹ́ páìpù. Tèmilọlá jókòó, ó ń gbọ́ bí epo ṣe ń ya sínú rẹ̀. Ó gbìyànjú láti gbàdúrà, ṣùgbọ́n kìkì ohun tó ń wá sí i lọ́kàn ni ibi tí ìyá rẹ̀ máa ń gbé ìṣáná sí, lókè ìkòkò iyọ̀.

Aago méjìlá ààbọ̀ ni wọ́n wọlé. Bàbá àgbàlagbà kan ni, tó ń wúkọ́, àti obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyáàfin Nwakaego, tí wọ́n bí sí Yábàá, tí Yorùbá rẹ̀ já gaara. Wọ́n fi àga yí kọ̀ǹpútà náà ká. Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀ dúró lẹ́yìn Tèmilọlá gan-an.

"Ó yá, Tèmi, fi hàn wọ́n."

Ó tan ẹ̀rọ náà. Àwọn ìlà àṣẹ tò sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó wá ìlà tuntun náà kàn. Ó gbọ́ mímí ọ̀gá rẹ̀ lókè orí rẹ̀, ó gbọ́ bí mímí náà ṣe dúró nígbà tí ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìlà náà rẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Kò wẹ̀yìn. Bó bá wẹ̀yìn, kò ní lè ṣe é.

Àwòrán bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ epo ń wá, wọ́n ń lọ. Bàbá àgbàlagbà náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó bó ṣe ń rìn! Ẹ wo táyà!" Ó pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Ọjọ́ ń sáré lókè. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kọjá. Ọkọ̀ òkun yọ lápá ọ̀tún, ó rọra wá dúró.

"Ọkọ̀ wo nìyẹn?" Ìyáàfin Nwakaego ló bèèrè.

Ó na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà.

"Ọjọ́ Àìkú ni mo rí lókè yẹn. Èmi ni mo ń fọwọ́ sí ìwé gbogbo ọkọ̀ tó ń já epo síbí. Ọkọ̀ wo nìyẹn?"

"Kò sí ọkọ̀ kankan, mà," ni Tèmilọlá wí. "Pẹtiróòlù ló ń wọnú kẹrosíìnì láti táǹkì kẹrin. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọkọ̀ ń gbé e lọ báyìí, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí."

Obìnrin náà kò wo Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀. Ó dìde, ó rìn lọ sí fèrèsé, ó sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ pariwo sí ìsàlẹ̀ pé kí wọ́n ti páìpù. Linus ti wà níbẹ̀, bí ẹni tó ti ń dúró de ohùn náà. Epo dákẹ́. Nínú yàrá, Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀ jókòó sórí àga tí kò sẹ́ni tó fi lọ̀ ọ́, ó tú táì rẹ̀, ó ń ká a mọ́ ọwọ́.

"Mà, ìyá mi àti ọmọ mi wà nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n ṣí géètì."

Ọlọ́kadà tó gbé e ń gba àárín àwọn tírélà kọjá bí ejò. Nígbà tí wọ́n yọ sí apá Ajégúnlẹ̀, èéfín dúdú kan ń gòkè lókè àwọn òrùlé. Tèmilọlá figbe ta. "Na vulcanizer," ni ọlọ́kadà wí, "na tyre dem dey burn." Kò gbà á gbọ́ títí wọ́n fi kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù onítáyà náà, tó rí iná náà fúnra rẹ̀. Aago kan ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ó sáré wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn ilé wọn, níbi tí ayálégbé kọ̀ọ̀kan ti ń dáná lẹ́nu yàrá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí. Kíkẹ́lọmọ fara ti itan rẹ̀, ó ṣì wọ aṣọ ilé-ìwé. Sítóòfù wà níwájú wọn. Ìyá rẹ̀ ti tan án.

Iná náà kò dúró jẹ́ẹ́. Ó ń ga, ó ń rẹlẹ̀, ó ń pọ́n, ó sì ń dún lábẹ́ ìkòkò, ohùn kan bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ẹnu fa omi.

"O tètè dé," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mi ò mọ ohun tó ń ṣe iná yìí lónìí. Mo fẹ́ rọ̀ ọ́ wálẹ̀."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, Màámi." Ó ṣe ohùn rẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ara rẹ̀ fẹ́ sáré. Kò jẹ́ kó sáré. "Ẹ dìde. Ẹ mú ọmọ lọ́wọ́. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ẹ má gbọn aṣọ yín síbẹ̀."

Ìyá rẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó dìde, ó di ọmọ náà mú, wọ́n rìn jáde lẹ́sẹẹsẹ. Ìgbà tí wọ́n kọjá lára Tèmilọlá ni iná náà bẹ́ jáde nínú ikùn sítóòfù, ó lá ògiri, ògiri sì dúdú dé àjà.

"Ebiere!" ni Tèmilọlá ké. Ebiere ni aládùúgbò wọn, yàrá wọn kọjú síra. Obìnrin náà yọ pẹ̀lú aṣọ tó ń fọ̀ lọ́wọ́, ó rí iná, ó sì padà sínú yàrá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣọ ìbora onírun ló gbé jáde, ó ti rì í bọ inú omi. Tèmilọlá ti ń fi ọ̀rá bu yanrìn tí bíríkìlà kó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n da yanrìn lé e, wọ́n fi aṣọ tútù bò ó, wọ́n tún da yanrìn lé aṣọ náà. Ohun kan bú wùù lábẹ́ rẹ̀, aṣọ náà gbé sókè, ó sì tún wálẹ̀. Lẹ́yìn náà, èéfín nìkan ló kù.

Irun ọwọ́ Tèmilọlá ti jó dé ìgbọ̀nwọ́. Kò mọ̀ títí Ebiere fi dì í mú láti wò ó.

"Wetin dey inside?" ni Ebiere bèèrè.

"Pẹtiróòlù. Kì í ṣe tiwa nìkan. Gbogbo èyí tí wọ́n tà láti ọ̀sẹ̀ méjì."

Wọn kò dúró gbá yanrìn náà. Wọ́n bọ́ síta. Tèmilọlá ń sọ ọ́ lédè Yorùbá, Ebiere ń fi Pidgin pariwo rẹ̀ lójúlé dé ojúlé: "Make una no light stove o! Kerosene don mix!" Àwọn kan gbọ́, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì wọn jáde. Àwọn kan bèèrè ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan lé wọn kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Linus dé ní nǹkan bí aago mẹ́ta, ó ti dé ilé tirẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kò tíì dáná. Ó gba òpópónà tó tẹ̀lé tiwọn. Ìyáàfin Nwakaego ti rán ènìyàn lọ sí àwọn ilé epo, ó wí, ṣùgbọ́n Tèmilọlá mọ iye ọkọ̀ tó ti jáde. Òun ló ya wọ́n. Wọ́n lé ní ọgọ́ta.

Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, wọn kò ní ohùn mọ́. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, òun, ìyá rẹ̀, Ebiere àti ọmọ, wọ́n ń mu gààrì tútù. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń mu gààrì tútù lópòópónà náà lọ́jọ́ yẹn. Àwọn mìíràn ń fi igi dáná lórí òkúta mẹ́ta.

"Ṣé wọ́n á lé ọ lẹ́nu iṣẹ́?" ni ìyá rẹ̀ bèèrè.

"Mi ò mọ̀, Màámi." Ó sì rí i pé òun kò tíì rò ó rárá láti ìgbà tí òun ti bọ́ lórí ọ̀kadà.

Ìyá rẹ̀ bu gààrì. Ṣíbí rẹ̀ dúró lókè abọ́. Láti ọ̀nà jíjìn, lápá ibi tí wọn kò dé, nǹkan kan dún. Ó lè jẹ́ ilẹ̀kùn tírélà, ó sì lè jẹ́ sítóòfù. Tèmilọlá gbójú sókè. Ebiere náà ti gbójú sókè. Ní ojúlé kejì, obìnrin kan tó ń fẹ́ igi tí ó fi ń dáná ti dá abẹ̀bẹ̀ dúró. Ọkùnrin tó lé wọn kúrò lọ́sàn-án dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, orí rẹ̀ tẹ̀ sápá kan. Títí dé ìpẹ̀kun òpópónà náà, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìgbà náà ló yé e pé kì í ṣe òun nìkan ló ti ń tẹ́tí láti ìrọ̀lẹ́.